Ìgbà Ìbísí ní Oko Ìbàdàn àti Ẹ̀rí Inú Orúkọ Àbíkú

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 sí èyí tó lé ní 800,000. Kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àwọn ọmọ náà. Oko ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń bá baba wọn fọ́ kòkó ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ìbísí gan-an wà lẹ́yìn wọn.

Ó rọrùn láti sọ pé owó kòkó ló fà á, pé àgbẹ̀ rí owó, ó fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Láyé àtijọ́, ọkọ kì í súnmọ́ ìyàwó títí ọmọ yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ a máa ba omi ọmú jẹ́. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni èyí máa ń gbà. Bí ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ti ń gbilẹ̀ ni àlàfo yìí ń kúrú, tí ọmọ sì ń tẹ̀ lé ọmọ kíákíá.

Síbẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọmọ kò kú tó bí ó ti ń kú tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH ṣí ní 1957. Ṣọ̀pọ̀nná sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970. J. C. Caldwell, onímọ̀ ará Ọsirélíà, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1979, tó dá lórí ìwádìí ní Ìbàdàn, pé ọmọ ìyá tó kàwé kì í tètè kú bí ti ìyá tí kò kàwé, kódà bí ọkọ wọn bá jọ wà ní ipò kan náà. Àwọn ọmọbìnrin tó wọ ilé-ìwé ní 1955 ló di ìyá wọ̀nyí. Àwọn ọmọ wọn ló sì kún kíláàsì nígbà tí Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979.

Èdè pàápàá jẹ́rìí. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́: ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú òbí tó ti sin ọmọ rí ló bí irú orúkọ wọ̀nyí. (Kòsọ́kọ́ ń sọ fún ọmọ pé kò sí ohun tí a óò fi gbẹ́ sàréè rẹ̀.) Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Mọ́níyà tàbí Akanran lè ka orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́, ọdún dé ọdún, kí ó fi wé ti òní. Níbi tí ikán bá ti jẹ ìwé náà, kí ó tọ àwọn tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 1955 lọ. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí.