Àpótí Ìmọ̀: Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Ewékorò àti Àwọn Tí Ó Yẹ Kí Wọ́n Kọ́ Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́ Mọ́

Òkúta ẹfun, èyí tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Ewékorò débi pé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe odindi ìpele àpáta kan, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1960. Nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn omi tí ń sun sínú kànga, máa ń yọ́ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tó ti sán ń fẹ̀ sí i, ìdọ̀tí orí ilẹ̀ sì lè ráyè wọlé láìjẹ́ pé yanrìn sẹ́ ẹ.

Òjé, tó léwu púpọ̀ fún ọpọlọ ọmọdé, wà lára irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Èédú tí a sun láti ara èésan, ìyẹn èèpo líle èkùrọ́, tí a sì fi ooru tàbí ásíìdì la ihò tín-ín-rín sí lára, lè di òjé náà mú bí omi ti ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìwádìí lórí bí irú èédú bẹ́ẹ̀ ṣe lè fọ omi mọ́ kò ná owó gọbọi. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, kò jìnnà sí Ewékorò, ètò SIWES sì ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́ láti 1973. Àwọn ọmọbìnrin àti ọmọ abúlé, tí irú wọn kò pọ̀ nídìí ìmọ̀ kẹ́míkà, ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ìwádìí náà fún, nítorí àwọn ló ń pọnmi, wọ́n sì mọ kànga tí omi rẹ̀ máa ń yí padà lẹ́yìn òjò.