Ta Ló Ń Gbé Ibo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn?

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àmọ́ èrò inú wọn kò dọ́gba rárá. Nígbà ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, èèyàn tí wọ́n kà ní Adó-Odò/Ọ̀tà nìkan lé ní 526,000. Ti Àríwá Rẹ́mọ kò tó 60,000.

Iṣẹ́ ló fà á, àti Èkó tó múlé ti Ọ̀tà. Àwọn Àwórì ló ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ àti ní Agbára ti fa àlejò wá láti ibi gbogbo. Ẹni tí owó ilé Èkó ga jù fún náà kó wá sí Sàngó. Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Sàngó láàárọ̀ kùtù, ẹ ó gbọ́ ọ: ẹni tó ń ta okpa ń fi Ìgbò dá oníbàárà lóhùn, aláàárù méjì ń fi Háúsá jiyàn, kọ́ńdọ́ ń fi Yorùbá pe èrò. Ní Ìgbẹsà, ẹ ó tún rí àwọn ará Ṣáínà tí ilé iṣẹ́ gbé wá.

Ti àwọn Ẹ̀gùn Ìpókíá yàtọ̀. Iṣẹ́ kọ́ ló kó wọn débẹ̀. Àwọn àti ará Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin bára tan kí òyìnbó tó fa ààlà sáàárín wọn.

Ìgbò mélòó ló wá wà ní Ọ̀tà? Kò sí ìwé ìkànìyàn tó lè sọ fún yín. Lọ́dún 2006, wọn kò béèrè ẹ̀yà, wọn kò béèrè ẹ̀sìn. Ẹ̀rù ìjà ni. Iye èèyàn ni wọ́n ń wò pín owó àti ìjókòó ilé aṣòfin, ìdí nìyí tí ìkànìyàn ọdún 1962 fi dá wàhálà sílẹ̀ tí wọ́n sì fagi lé e.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń béèrè ẹ̀yà. Ní ọdún 2020, nínú bíi mílíọ̀nù 331 èèyàn, mílíọ̀nù 62 ló sọ pé ìran àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ni àwọn, bíi ará Mẹ́síkò àti Kúbà. Wọ́n mọ iye wọn láti àgbègbè dé àgbègbè. Ní Texas, lágbègbè mélòó kan lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò, àwọn nìkan lé ní mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá. Ìjọba ibẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì ti gbọ́ èdè Sípéènì.

Ẹ̀rù tiwa kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì Sàngó náà ń bá aláìsàn tí kò gbọ́ Yorùbá pàdé. Iye èèyàn Ògùn tí mo kọ sókè yìí gan-an ti gbó: wọ́n sún ìkànìyàn ọdún 2023 síwájú, àwọn ìkókó tí wọ́n kà ní 2006 sì ti tó dìbò.