Mo Ti Ta Mọ́tò Mi: Báwo Ni Mo Ṣe Máa Ṣe É?

Ìbéèrè: Owó epo ló mú mi ta mọ́tò mi. Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ṣé ó ṣeé gbé láìní mọ́tò, kí àwa ará agboolé sì jọ máa lo irinṣẹ́?
Abilékọ kan, Bẹẹrẹ

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Nǹkan bí ọdún 1829 ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó, kí mọ́tò tó dé rárá. Ìdí nìyí tí agboolé fi súnmọ́ra, tí ọjà ò sì jìnnà sílé. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Màpó àti Ọjà'ba. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ pe alábàárù; bí ọ̀nà bá jìn, ẹ wọ takisí Micra tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ní ti irinṣẹ́, ẹ fi ohun tí a kì í lò lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀: àkàbà, bárò, ìkòkò àsè. Kí ẹnì kan máa kọ orúkọ ẹni tó yá a àti ọjọ́ ìdápadà sílẹ̀. Ẹ jọ máa dá owó àtúnṣe díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń dá àjọ. Ẹ tún bá awakọ̀ àdúgbò kan ṣàdéhùn, nítorí àìsàn òru.

Bí orúnkún bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ń gé yín lórí òkè Màpó, ẹ má fagbára rìn ín. Ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, Yemẹtú. Ẹsẹ̀ á gbé yín dé ibi ire.