Gbèsè Owó Ìtọ́jú Ilé Ìsinmi

Ní ìlú Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ìsinmi tí wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Timeshare ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó rà á kò ra odindi ilé. Ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ló rà, á sì máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, ì báà débẹ̀, ì báà má débẹ̀. Owó yìí sábà máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, òkè ló sì ń lọ. Òfin Florida fún olùrà ní ọjọ́ 10 láti fagi lé àdéhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ àdéhùn kò ní òpin, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó bá jogún rẹ̀.

Ẹni tí owó ìtọ́jú ti wọ̀ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó jẹ lówó gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Àwọn ló lè gba ọ̀sẹ̀ náà padà, àwọn ló sì lè dín gbèsè kù. Wọ́n nídìí láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀: gbígba ilé lọ́nà òfin ń ná wọn lówó, ọ̀sẹ̀ tó bá sì padà sọ́wọ́ wọn, wọ́n lè tún un tà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ilé tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, onígbèsè lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ owó ìtanràn kúrò, kí òun san ojú owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì gba ilé wọn lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ìwé tó dá ilé padà gbọ́dọ̀ wọ àkọsílẹ̀ ìjọba county, kí onígbèsè sì gba ẹ̀dà tirẹ̀, torí ìlérí orí fóònù kò ní gbà á sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mi ò ní san mọ́, kí wọ́n wá gba ilé wọn." Òótọ́ wà nínú èyí, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní Florida, wọ́n lè gba ọ̀sẹ̀ náà láìdé ilé ẹjọ́, nípasẹ̀ aṣojú tí òfin ń pè ní trustee. Aṣojú yìí á fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù á sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá fara mọ́ ọ̀nà náà. Ẹ̀rù lè mú onígbèsè fọwọ́ sí i wàràwàrà, kó rò pé òun ń gba ara òun là. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kó fara balẹ̀ kàwé. Òfin sọ pé bí kò bá tako ọ̀nà yìí, wọn kò ní lè gba èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó tí wọ́n ta ilé kò bá ká gbèsè. Bó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, ẹjọ́ di ti kóòtù, ìlérí yẹn kò sì sí fún un mọ́. Ẹni tí kò jẹ gbèsè náà rárá ló nídìí láti tako ó. Àmọ́ ọ̀nà yìí náà ń gbowó: àbàwọ́n rẹ̀ lè wà lórí àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì fún ọdún 7, gbèsè tí wọ́n bá sì fi jì í, tó bá tó 600 dọ́là, àwọn agbowó-orí lè kà á sí owó tó wọlé fún un.

Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn nígbà tí wọ́n ń tà á, nítorí náà agbèjà ni àwọn nílò. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè fẹjọ́ sun FTC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tàbí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó ń pe ara wọn ní agbèjà, tí wọ́n ń gbowó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni mo ń bẹ̀rù. Ní ọdún 2022, FTC àti ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n ti fi ẹ̀tàn gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 90 dọ́là, lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà jù lọ. Irú agbèjà bẹ́ẹ̀ lè sọ fún oníbàárà pé kó má sanwó mọ́, kó má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bẹ́ẹ̀, bí agbowó-gbèsè bá kọ̀wé, ọjọ́ 30 péré ni òfin ìjọba àpapọ̀ fún onígbèsè láti kọ̀wé padà pé kí wọ́n fi ẹ̀rí gbèsè han òun. Ẹni tí wọ́n ti ní kó dákẹ́, ọjọ́ 30 yẹn á ti kọjá kó tó mọ̀.