Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÌṢÍSẸ̀ MẸ́RIN

Ẹ rọra ka ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á sí ẹlòmíràn létí.

Ìyá kan wà ní Jankara, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń ta àdìrẹ. Kì í jókòó lásán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò tún wá sí kíláàsì wa. Ní ọjọ́ kan òjò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú. Eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ nídìí ìbàdí.

Orí eegun itan rí róbótó. Inú kòtò kan ní ìbàdí ni ó ti ń yí, bí ọmọ odó ṣe ń yí nínú odó. Ìṣubú lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà lè bà á jẹ́, kódà lára ọ̀dọ́. Dókítà lè gé e kúrò, kí ó fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Charnley, ni ó la ọ̀nà iṣẹ́ abẹ yìí dáadáa ní 1962.

Wọ́n ṣe é fún ìyá wa, ó sì yọrí sí rere. Ní ọjọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì gbé e dìde. Ó di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú, ó rin ìṣísẹ̀ 4, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Tíṣà, èmi tí mo ń ru ẹrù láti Jankara dé Ìdúmọ̀tà, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni mo wá dà yìí?”

Nígbà tí ó délé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jókòó lórí àpótí kúkúrú, kò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Orí àga ni ó ti ń kírun. Àna rẹ̀ àgbà wá kí i, ojú tì í pé kò lè kúnlẹ̀. Àgbà náà ní, “Jókòó, ọmọ mi. Ẹnu rẹ ti kúnlẹ̀.”

Mo mú ìwé kékeré kan lọ fún un. Mo ní, “Màmá, ẹ máa kọ iye ìṣísẹ̀ yín síbẹ̀ lójoojúmọ́.” Ó kọ 4, ó kọ 6, ó kọ 9. Ní ọjọ́ kan ó padà sí 5. Inú bí i, ó fẹ́ fa ìwé náà ya. Mo ní kí ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó ní, “Márùn-ún ṣì ju mẹ́rin lọ.” Ẹkún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọmọ rẹ̀ ń tajà, òun ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó kọ gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò pè fún un: “Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà.”

Kì í ṣe òun ni akọni àkọ́kọ́ tí ó tún ìrìn kọ́. Ní 1945, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Alágbára ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní láti fara balẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ìyá wa fi ọ̀pá kan wọ kíláàsì. Gbogbo wa dìde fún un.

OHUN TÍ A Ó RÁNTÍ

1. Ẹ ṣe ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ yín. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀.
2. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó dá ni kí ó kọ́kọ́ gòkè. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.
3. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ náà tàbí kí ó wọ́ ọ.
4. Bí ẹsẹ̀ bá wú, bí ibà bá dé, bí egbò bá ṣọyún, tàbí bí èémí kò bá já gaara, ẹ yára lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó pa ìyá náà lẹ́kún?
2. Kí ni ìwé kékeré náà ṣe fún un?
3. Ẹ kọ ohun kan tí ẹ lè ṣe lónìí tí ẹ kò lè ṣe ní oṣù tí ó kọjá.