Ẹ Wo Òru Kí Ẹ Tó Gbin Ẹfinrin

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Britain, bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, ẹ óò rí i tí oòrùn ń ràn, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ti to ewé ọbẹ̀ oríṣiríṣi sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ọwọ́ á máa yún yín láti gbìn. Ẹ ní sùúrù. Oòrùn ọ̀sán kọ́ ló ń pinnu ìgbà ìgbìn níbí, òtútù òru ni.

Nílé, ní Nàìjíríà, òjò là ń retí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti mú kí ilẹ̀ rọ̀, àgbẹ̀ á gbé ọkọ́. Níbí, òjò kì í wọ́n wa, ooru ló ń wọ́n wa. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ooru ilẹ̀ á gbéra lọ, ìrì á sì dì sórí ewé. Tó bá fi máa di àárọ̀, ewé ẹlẹgẹ́ ti dúdú, ó ti rọ. Ní gúúsù England, ìrì dídì yìí sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ìparí oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún. Ní Scotland, ó lè wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbé Aberdeen má ṣe wo ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Peckham gbin tirẹ̀.

Thyme, chives, mint àti parsley kò bẹ̀rù òtútù. Wọ́n ṣeé gbìn síta láti oṣù Kẹrin. Parsley lè pẹ́ tó oṣù kan kó tó hù, ẹ má hú ilẹ̀ wò. Mint ní tirẹ̀, inú ìkòkò ni kó wà, torí gbòǹgbò rẹ̀ á gba gbogbo ọgbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹfinrin ló gba ìtọ́jú jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń wá fún ọbẹ̀ ẹja tútù àti inú rírun. Ọmọ ilẹ̀ olóoru ni: ìrì dídì òru kan ṣoṣo tó láti pa á, bí òru bá sì tutù ju 10°C lọ, kì í fẹ́ dàgbà. Inú ilé ni kí ẹ ti gbin irúgbìn rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin. Ẹ da compost sínú ike kékeré, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ wá wọ́n irúgbìn náà sójú rẹ̀. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti hù. Tó bá ti hù, ẹ gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, torí pé níbí, oòrùn kì í dé àtàrí bíi ti ilé. Apá gúúsù ló ń gbà kọjá. Bí oṣù Karùn-ún bá ń lọ sópin, ẹ máa gbé e síta lọ́sàn-án, kí ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ara rẹ̀ lè mọ atẹ́gùn. Nínú oṣù Kẹfà, ó lè máa sun ìta. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń ju wákàtí 16 lọ ní London nígbà náà, kíá ló máa ń ta ẹ̀ka. Ìkòkò ńlá ni mo fara mọ́ fún un ju ilẹ̀ lọ, torí pé nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e wọlé padà.

Ewédú náà ń fẹ́ ooru bẹ́ẹ̀, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ irúgbìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki igi ewúro tútù bọ inú báàgì láti Nàìjíríà. Ìjọba ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé ohun ọ̀gbìn tútù kò ní àrùn, wọ́n sì lè gbà á ní pápákọ̀ òfurufú.

Bí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní àgbàlá lè béèrè allotment, ìyẹn oko kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà fún ará ìlú. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀, ó sì lè gba ọdún mélòó kan, nítorí náà, ẹ lọ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.