Àwọn Jagunjagun Èkó àti Àwọn Ọmọ-Ogun Ojú Omi Gẹ̀ẹ́sì

Oríṣi ọmọ-ogun méjì ni ó wà. Èkíní ni ará ìlú tí ó ní iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń gbé ìbọn nígbà tí ogun bá dé. Èkejì ni ẹni tí ó fi ogun jíjà ṣe iṣẹ́, tí ìjọba ń sanwó fún, tí a sì ń kọ́ ní ìlò ohun ìjà. Àwọn méjèèjì pàdé ní etí ọ̀sà Èkó ní ọdún 1851, nínú ogun tí àwọn ará Èkó sọ ní Ogun Àgídìngbì nítorí ìró àgbá.

Kòsọ́kọ́ ni ọba Èkó nígbà náà. Ó ti lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè ní 1845. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, ó kọ̀. Akítóyè gbà láti fọwọ́ sí i bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́.

Àwọn jagunjagun Kòsọ́kọ́ kì í gba owó oṣù. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó ará ilé àti ẹrú rẹ̀ jáde. Oṣòdì Tápà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí wọn, ti jẹ́ ẹrú rí kí ó tó di ìjòyè. Wọ́n mọ ọ̀sà bí ẹní mowó. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí etí omi, wọ́n ri òpó mọ́ inú omi, wọ́n sì to àgbá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, wọ́n lé wọn padà. Ẹni tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn kì í tètè sá.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun tí ìjọba ń bọ́ kì í tán bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n padà wá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Ọkọ̀ Teazer fẹsẹ̀ gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn ará Èkó sì da ìbọn bò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n kan ìṣó sí ihò àgbá kí ó má lè yìn mọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣubú. Ní ọjọ́ kejì, ọta oníná wọn dáná sun ìlú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Kì í ṣe àìnígboyà ni ó ṣẹ́gun wọn. Ilé tí ó fún wọn ní ìgboyà ni iná jó; ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lókè òkun, ọwọ́ kò tó o. Ìyapa ọmọ ìyá sì ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òmìnira ìlú ni wọ́n jà fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwò ẹrú wà lára ohun tí wọ́n dáàbò bò, àwọn ẹrú sì wà nínú àwọn tí ó kú fún un.

Èrè ogun náà kò pẹ́ lọ́wọ́ Akítóyè àti ìdílé rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dúró ní ọ̀sà, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́tẹ̀ yìí, ogun kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè
1. Àǹfààní wo ni àwọn jagunjagun Èkó ní tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní?
2. Báwo ni ohun tí ó fún wọn ní ìgboyà ṣe di àìlera wọn?